Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lára Ọmọ Méjì

Obìnrin kan wà ní ọsibítù ìjọba tó rí inú ọkọ mi ju bí èmi tí mò ń bá a sùn ti rí i lọ. Dókítà ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó fún èèyàn lóògùn tàbí kó gún un lábẹ́rẹ́. Ẹran ara tí wọ́n bá gé lára aláìsàn ni wọ́n máa ń gbé lọ bá a, òun ni yóò wá sọ irú àrùn tó jẹ́. Nígbà tí wọ́n la àyà ọkọ mi, tí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni wọ́n gbé e lọ. Ó rì í sínú ohun kan tó dà bí àbẹ́là yíyọ́, ó jẹ́ kó dì, ó wá fi abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì.

"Ẹ wá wò ó," ó ní. "Ẹ má bẹ̀rù, kì í jáni jẹ."

Maikirosikóòpù ló ní kí n gbé ojú lé. Nínú ìwé báyọ́lọ́jì nìkan ni mo ti rí i rí nígbà tí mo wà ní SS Two, torí ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní in. Mo gbé ọmọ mi tó wà lẹ́yìn mi sọ́tùn-ún díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí, àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni, róbótó róbótó, àwọn kan sì nà bí ẹ̀ka igi láàárín wọn. Mi ò ní purọ́, ó lẹ́wà. Ká ní orí àǹkárá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ǹ bá ra ọ̀pá mẹ́fà.

"Bí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú oyún ṣe máa ń rí nìyẹn kó tó gbó," dókítà ní. "Ara àgbà kọ́ ló yẹ ká ti bá a. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, inú ìwé nìkan ni mo ti ń kà nípa rẹ̀." Ó fi ìka kan díńgí pẹlẹbẹ tí ẹran náà wà lórí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. "Mo ti wò ó títí, kò sú mi."

Inú bí mi. Kí ni kò sú ọ? Ọkọ tèmi ni.

Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wa, ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Kíkun mọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìkòtún, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo gbá a mọ́ra tí kò rùn péńtì. Mo bi dókítà bóyá péńtì ló ṣe é, torí kì í mu sìgá.

"Péńtì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró," ó ní, "ṣùgbọ́n èyí, mo fura pé ó wà nínú jíìnì. Jíìnì ni ohun tí bàbá àti ìyá ń fi sínú ọmọ, tí ọmọ fi ń jọ wọ́n, imú, àwọ̀, ìrìn. Nígbà mìíràn àléébù kan á bá wọn wọlé. Wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó níbí. Ibi tí mo ti kàwé ní òkè òkun ni màá fi í ránṣẹ́ sí, èyí tó wà nínú àbẹ́là yẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo tún fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, kí n mọ ẹni tó ní àléébù náà àti ẹni tí kò ní. Ọmọ mélòó ló bí?"

Mo ní, "Ọ̀kan."

Ọkọ mi wúkọ́ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Méjì."

Èyí èkejì, àkọ́kọ́ gan-an ni kí n sọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà ní àdúgbò Pleasure. Obìnrin náà ń ṣe irun níbẹ̀. Òun àti ọkọ mi ti túká kí n tó dé, mi ò sì bá a pàdé rí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wọn máa ń wá. Ìyá ọkọ mi ti kì mí nílọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: a bí ọmọ náà sílé kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Kékeré ni mò ń pè é. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà! Màá sọ pé, "Ìyá Kékeré, ẹ kú àbọ̀, ṣé ẹ ti jẹun?" ọmọ náà á sì fọwọ́ lé ìbàdí dúró bí ìyáálé. Dúdú bí kóró iṣin, bíi bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èèyàn á rí i ní títì Ẹ̀gbẹdá, á ní, "Ọmọ péńtà nìyí."

Ọmọ tèmi, ọkùnrin, pupa ni. Bàbá tó bí mi ló jọ. Oyún rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dé, àwọn òbí wa ti mọra wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì wá ṣe ìdána mi. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ìyá ọkọ mi bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wọ́n á gbé ọmọ náà síta nínú oòrùn, wọ́n á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Ọmọ yìí mà pupa o."

"Bàbá mi ló jọ, Màmá."

"Mo gbọ́. Èmi ò rí bàbá rẹ ńlẹ̀ yìí ṣá."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé bá jà, kò ṣeé gbé mì.

Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé ọsibítù ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, gbogbo ilé tí à ń háyà ló ti mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ń fọ aṣọ lẹ́nu kànga, ó ní, "Wọ́n fẹ́ mọ ọmọ tó jẹ́ tirẹ̀ ni. Wọ́n ń ṣe é báyìí ní ìlú òyìnbó. Kí bàbá tó kú, kí wọ́n mọ àwọn tó bí." Mo ní àìsàn ni wọ́n ń wá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ le? Jàre."

Ìyá ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn ní, "Kò burú. Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́." Ní ọjọ́ tí dókítà dá, wọ́n ti jáde lọ sí Pleasure kí n tó wẹ ọmọ tán. Wọ́n lọ mú Ìyá Kékeré, wọ́n sì mú un lọ sí ọsibítù. Wọn kò sọ pé kí n múra.

Mo pọn ọmọ mi láìtíì fi páúdà sí i lára, mo wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí wọ́n bá fẹ́ ka ọmọ ọkọ mi, wọn ò ní kà á kan ọ̀kan kí wọ́n dúró. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá purọ́, kí ó wá sọ òtítọ́ fún mi. Mo mọ ẹni tó fún mi lóyún.

Wọ́n ti ká apá ẹ̀wù Ìyá Kékeré sókè nígbà tí mo dé. Ìyá ọkọ mi yíjú.

"Ìyàwó, ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Ọmọ bàbá rẹ̀ ni mo gbé wá, Màmá."

Wọ́n ká apá bùbá tiwọn sókè. "Dókítà, tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Èmi ni mo lóyún rẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́wàá, ó kọ̀ kò jáde." Wọ́n gba tiwọn. Wọ́n gba ti Ìyá Kékeré, kò sunkún, ó kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bí ó ṣe ń gun inú síríńjì bọ̀. Wọ́n gún tèmi, ó fi igbe ta, ọsibítù mì. Mo jowú ọmọ yẹn pé kò sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí náà wà ńbẹ̀.

Mo wá na apá tèmi náà. Dókítà rẹ́rìn-ín.

"Tiyín ò wúlò, Mà. Ẹ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Èmi tí mò ń da abọ́ itọ́ rẹ̀ nù. Èmi tí mo mọ ìhà tó ń fi sùn tí kì í dùn ún. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ ni. Dókítà sì tún ṣàlàyé ohun tó ń wá, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. A gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kálukú fẹ́ gbọ́ ló dì lọ sílé.

Èsì yẹn pẹ́. Ọmọ mi tó ń jókòó nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀ mọ́ ara ògiri rìn, èsì ò tíì dé. Ọkọ mi ò lè gun àkàbà mọ́, lẹ́yìn náà kò lè sun orí bẹ́ẹ̀dì mọ́, orí àga ló ń sùn, ìrọ̀rí méjì ní iwájú rẹ̀ tó dorí lé. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń fẹ́ kí Ìyá Kékeré wá. Ọmọ náà ní eré kan tó ń bá a ṣe: á fi etí lé e lẹ́yìn, á ní, "Dádì, fèrè ń fọn. Ẹ mí síi. Ó tún ti fọn." Ọkọ mi á mí fún un, á máa rẹ́rìn-ín. Etí tèmi nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń wà nídìí sítóòfù, màá máa ro ẹ̀kọ, màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn, màá sì gbé ìkòkò kalẹ̀ kó dún gbàgà.

"Ṣé kò sí o?" ọkọ mi á ní.

"Kò sí. Ọwọ́ mi ló yọ̀."

"Ọwọ́ rẹ ti ń yọ̀ láti Friday."

Ó mọ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀.

Nígbà tí dókítà wá ránṣẹ́, ó ní kí gbogbo wa wá, kí ìyá ọmọbìnrin náà bá wa wá pẹ̀lú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bá obìnrin Pleasure jókòó nínú yàrá kan. Irun rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ bí mi nínú, ó dì í kó dúró bí adé. Mo kí i, mo ní, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà," ó dáhùn, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ mi ti ń fà á láṣọ kí n tó jókòó tán.

Dókítà ní wọ́n ti rí i. Àléébù kan náà ló wà nínú ẹran ẹ̀dọ̀fóró yẹn àti nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi, ìyẹn ni pé ó bá a wáyé ni, péńtì kọ́ ló fún un. Ó wo ojú wa yí ká. Ó ní ọmọbìnrin ní in. Ọmọkùnrin kò ní in.

Dókítà ń bá tirẹ̀ lọ kíákíá: kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà ń ṣàìsàn, kò túmọ̀ sí pé yóò ṣe é dandan, wọ́n á máa ya fọ́tò àyà rẹ̀ lóòrèkóòrè, bí nǹkan bá fẹ́ hù wọ́n á tètè rí i. Obìnrin Pleasure di etí ìró ara rẹ̀ mú, ó ń ká a, ó ń tú u. Èmi, mo gbá ọmọ mi mọ́ra. Kí Ọlọ́run má ṣe bínú, inú mi dùn.

Ìyá ọkọ mi ló fọhùn.

"Dókítà, ọmọkùnrin yìí, kò ní in rárá?"

"Kò ní in, Mà."

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó jọ ti ọmọ mi?"

"Àléébù yẹn ni mo ní kò sí, Mà..."

Màmá ti yíjú sí ọkọ mi. "Ṣé mo wí tàbí mi ò wí? Mo ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Ó ti sọ̀rọ̀ wàyí."

Dókítà na ọwọ́ sókè, ó ní ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ó dà bí owó ẹyọ tí èèyàn jù sókè ni, ó lè fi orí balẹ̀, ó lè fi ìdí balẹ̀, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Màmá ní, "Dókítà, ẹ ti ṣe tiyín, ẹ ṣé." Ọkọ mi ń sọ pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n ìmí ò tó o mọ́, gbólóhùn rẹ̀ ń kú sọ́nà.

Obìnrin Pleasure gbé ojú sókè. Omi wà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Dókítà, ẹ̀jẹ̀ Màmá ńkọ́?"

"Màmá kò ní in. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ ọkọ wọn ló ti wá."

"Ẹ gbọ́, Màmá?" ó ní. "Ẹ̀yin náà ò ní in. Ṣé ká kúkú sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí bàbá ọmọ mi ni?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, tí a fi gbé e dúró, tí dókítà ń pè fún omi, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Bàbá yín náà, ikọ́ ló pa á. Kò dàgbà. A ní àwọn ayé ni." Wọn ò wò mí. Wọn ò sì tọrọ àforíjì.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ni nǹkan kan ń jẹ mí nínú: kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo rí ọ̀rọ̀ yẹn sọ? Èmi ni mo kàwé jù ú lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rù ọmọ tirẹ̀ ń bà á ló gba ọmọ tèmi sílẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì di ojú Ìyá Kékeré mú. "Tèmi lo mú," ó ń wí. "Ìyá mi, tèmi lo mú. Dárí jì mí." Ó ń sunkún, ọmọ náà ń bá a nu ojú, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tèmi ń jó lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ara rẹ̀ mọ́ nigín-nigín, kò sẹ́ni tó sunkún nítorí rẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ìyá máa jowú àrùn? Mo jowú ẹ̀. Mo jowú pé ohun kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí ọmọ mi kò ní láé, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò ní in, lẹ́ẹ̀kan náà, nínú àyà kan náà.

Nínú ọyẹ́ ló kú, lórí àga rẹ̀, bí ẹni ń tòògbé.

Ìyá kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀, èèwọ̀ ni. Ní ìdílé tiwọn, opó náà kì í débẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ ìsìnkú, àwa méjì tí a fẹ́ràn rẹ̀ jù ni wọ́n fi sínú yàrá kan, èmi lórí ẹní, Màmá lórí àpótí, a kọ ẹ̀yìn síra wa. Lóde, bàbá àgbà kan nínú ẹbí ń ké pé kí àwọn ọmọ olóògbé jáde, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí bàbá wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣètò Ìyá Kékeré. Ọmọ mi wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ó ń fi bàtà ṣeré. Bí kò bá lọ, gbogbo ẹbí ni yóò ti rí i pé ọmọ kan ló bu yẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí títí ayé. Èmi ò sì gbọ́dọ̀ dìde. Mo wo ẹ̀yìn Màmá. Ẹ̀yìn náà ò mì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin Pleasure ni. Òun kì í ṣe opó, ó ti kọ̀ ọ́ tipẹ́, kò sí ibi tí kò lè dé. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi.

"Gbé e fún mi."

Ó wo Màmá, ó dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á kọ̀. Màmá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó pọn ọmọ mi, ó fi ọ̀já tirẹ̀ so ó le, wọ́n lọ.

Mi ò tíì jowú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Obìnrin tó fi ọkọ mi sílẹ̀ ló ń lọ wo ibi tó máa sùn. Ọmọ mi ló gbé lẹ́yìn lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ro bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, bóyá ó pupa, bóyá òkúta wà ńbẹ̀, òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Màmá ń mí lẹ́yìn mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní, "Ó ti tó kí wọ́n dé," mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ìyẹn nìkan.

Nígbà tí wọ́n dé, yẹ̀pẹ̀ wà ní gbogbo ẹnu ọmọ mi títí dé imú. Obìnrin Pleasure tú u sílẹ̀.

"Ó bù ú o," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bù ú, gbogbo wọn rí i. Ó ju díẹ̀ síbẹ̀, ó ju ìyókù sẹ́nu. Mò ń yọ ọ́, ó ń gé mi jẹ!"

Màmá yíjú sí wa. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró wọn nu ẹnu rẹ̀, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Bàbá rẹ̀ náà nìyẹn," wọ́n ní. "Yẹ̀pẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Mo nà án, mo nà án, kò gbọ́. Tu ú, ọkọ mi. Tu ú dànù."

Mo gbọ́ ọ. Mi ò mira, kí ọ̀rọ̀ náà má baà sá. Ìgbà tó ṣe, mo wo obìnrin Pleasure, mo ní, "Àǹtí, ibo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí? Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Ó ya ẹnu. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má sọ ọ́ lójú mi. Ẹ jáde síta, kí o lọ ròyìn rẹ̀ fún un."

Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lórí itan ìyá bàbá rẹ̀, mo tẹ̀ lé e jáde.